Ìbọn Ńlá Kọ́ Ni Ọdẹ Ńlá

Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí wọ́n bá wà ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas tí mò ń gbé, tí wọ́n sì rí bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń náwó sórí ìbọn, wọn ì bá fi kún un pé ìbọn ńlá kọ́ ni ọdẹ ńlá. Ohun tí mo fẹ́ jà fún nínú àròkọ yìí nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó fẹ́ kọ́ bí a ti ń yìnbọn bá àmì láti ọ̀nà jíjìn, kò yẹ kó kọ́kọ́ ra ìbọn ọ̀nà jíjìn rárá. Ìbọn kékeré tí ọta rẹ̀ kò wọ́n ni kó rà. Kó fi ìyókù owó náà ra àpótí irin, awò ìbọn àti ọta tó pọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 mọ̀ nípa ìbọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ ọmọ ọdẹ ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi ṣọdẹ ní Ṣakí títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ṣakabùlà kan ṣoṣo ló sì lò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣakabùlà mọ wàhálà rẹ̀: a ó ti ẹnu rọ ẹ̀tù sí i, a ó kì í, a ó ju ọta sí i, a ó tún kì í, kí a tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá tàsé, ẹran ti lọ. Nítorí náà, Bàbá Ṣakí kì í yìnbọn bí kò bá dá a lójú. Ó máa ń sọ fún wa pé ojú, èémí àti sùúrù ni òun fi ń pa ẹran, pé ìbọn kàn ń bá òun pariwo ni.

Bàbá mi gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, kò sì ní ìgbádùn kankan àyàfi bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ mú un lọ sí pápá ìbọn, ó rí i pé èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ kó sì gbọ́ kí ọta rẹ̀ dún lára irin tó wà ní 600 yáàdì. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó ní òun náà yóò ra tòun. Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló fún un ní ìmọ̀ràn kan náà: "Ra ojúlówó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o má baà rà á lẹ́ẹ̀mejì." Ẹni tó ń tajà sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ra ìbọn 6.5 Creedmoor ní 1,500 dọ́là, ó ra awò lé e ní 1,100 dọ́là. Owó tí a ti ń tọ́jú fún ọkọ̀ ìyá mi ni.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Owó ọta kò kù. Láàárín ọdún kan, páálí ọta márùn-ún ló yìn, ogún-ogún nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún ọta péré! Owó àpótí irin náà kò kù, nítorí náà ó gbé ìbọn náà sẹ́yìn àpótí agbádá nínú yàrá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, pè mí láti ẹnu ọ̀nà: "Àǹtí mi, ẹ wò mí, mo ti di ọdẹ bíi Bàbá Ṣakí." Mo yí ojú padà, mo rí ẹnu ìbọn.

Kò sí ọta nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àwo ọwọ́ mi sì fọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Èmi tí mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá mi kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Bàbá Tọ́lá, bí ọta bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?" Bàbá mi kò lè dáhùn. Ó ta ìbọn àti awò rẹ̀ ní 1,700 dọ́là. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 900 dọ́là ló sọnù lórí ọgọ́rùn-ún ọta, dọ́là mẹ́sàn-án lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìka owó ọta fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tó ń sọ pé "ra ojúlówó lẹ́ẹ̀kan" jà. Ọ̀rọ̀ wọn dára fún ìkòkò, ó dára fún bàtà. Ẹni tó ra ìkòkò ti mọ oúnjẹ sè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ìbọn àkọ́kọ́ kò tíì mọ nǹkan tó ń rà. Kò mọ̀ bóyá dídọ̀bálẹ̀ yìnbọn ni yóò wù ú tàbí dídúró. Kò mọ ìwúwo tí èjìká rẹ̀ lè gbà. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá yóò ṣì fẹ́ràn eré náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Báwo ni yóò ṣe mọ ojúlówó tirẹ̀? Ojúlówó ẹlòmíràn ló ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n fi ń polówó ìbọn olówó gọbọi. Wọn a ní ó ń yin MOA kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá yin ọta mélòó kan láti 100 yáàdì, àwọn ihò rẹ̀ kò ní jìnnà síra wọn ju bí íǹṣì kan lọ; láti 1,000 yáàdì, bí íǹṣì mẹ́wàá. Ó dára. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní máìlì mẹ́wàá ní wákàtí kan yóò gbé ọta 6.5 Creedmoor kúrò lójú ọ̀nà ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ kó tó dé 1,000 yáàdì. Ìbọn fi íǹṣì mélòó kan ṣàṣìṣe, ẹni tí kò mọ atẹ́gùn kà fi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ṣàṣìṣe. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ kí a fi owó wa tún ṣe? Ọ̀pọ̀ ìbọn tí kò wọ́n lóde òní ló ń yin MOA kan bí ó bá rí ọta tó bá a mu. Ẹni tó dì í mú ni kò tíì lè ṣe é.

Ìtàn náà jẹ́rìí sí mi. Orúkọ Creedmoor wá láti pápá ìbọn kan ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1874, àwọn ará Ireland àti àwọn ará Amẹ́ríkà díje níbẹ̀ láti 800, 900 àti 1,000 yáàdì. Ìbọn tí à ń ti ẹnu kì ni àwọn ará Ireland gbé wá. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣakabùlà bàbá àgbà mi, nítorí wọ́n gbẹ́ ilà yíyí sínú ọ̀pá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu náà ni wọ́n ti ń kì í. Ìbọn ìgbàlódé tí à ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí ni àwọn ará Amẹ́ríkà lò. Amẹ́ríkà gba máàkì 934, Ireland gba 931. Máàkì mẹ́ta péré! Ẹ sì gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ọ̀kan nínú àwọn ará Ireland yìnbọn bá àárín gbùngbùn àmì, ṣùgbọ́n àmì ẹlòmíràn ló yìn. Òdo ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ máàkì mẹ́rin ni ì bá gbà. Ìbọn àtijọ́ rẹ̀ kò já a kulẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ṣìnà.

Kí ni ó yẹ kí ẹni tó ní 1,000 dọ́là ṣe nígbà náà? Èmi yóò pín in báyìí. Àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni àkọ́kọ́: 150 dọ́là. Kí ó wà nílé kí ìbọn tó dé. Ìbọn .22 tí à ń fi ọwọ́ fà lẹ́yìn yíyìn kọ̀ọ̀kan, irú Savage Mark II tàbí Ruger American Rimfire: 350 dọ́là, àlòkù tó dára sì lè dín sí i. Awò àti irin tó ń dì í mú: 250 dọ́là. Ẹ má ṣe wo bí awò náà ṣe ń sún nǹkan mọ́ni tó; ẹ wò ó bóyá bí a bá yí i sókè ní ìgbà mẹ́wàá tí a sì yí i padà ní ìgbà mẹ́wàá, yóò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìbòtí, awò ojú àti àpò tí a ó gbé ìbọn lé: 100 dọ́là. 150 dọ́là tó kù, ọta ni.

Níbi ọta yìí ni ẹjọ́ mi ti le jù. Bí ọta .22 bá jẹ́ sẹ́ǹtì 15, 150 dọ́là yóò ra 1,000. Bí ọta ìdíje 6.5 Creedmoor bá jẹ́ dọ́là kan àbọ̀, owó kan náà yóò ra 100. Ta ni yóò kọ́ṣẹ́ jù, ẹni tó yìn ní ìgbà 1,000 ni tàbí ẹni tó yìn ní ìgbà 100? Ọta .22 a sì máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tó le. Bí a bá tò ó sí 50 yáàdì, yóò ti wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ kó tó dé 200 yáàdì. Atẹ́gùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò gbé e ní íǹṣì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 100 yáàdì péré. Kò sí ẹ̀kọ́ ìwálẹ̀ ọta àti atẹ́gùn tí ìbọn ńlá ń kọ́ni ní ọ̀nà jíjìn tí ìbọn kékeré kò lè kọ́ni nítòsí. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jawọ.

Àwọn kan yóò ní .22 kò dára fún yíyìn bá àmì láti 1,000 yáàdì, kò sì tọ́ láti fi pa àgbọ̀nrín. Òótọ́ ni, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹni tó bá ti yin 2,000 ọta kékeré, tí ó sì ń bá àmì, á ti mọ irú ìbọn ńlá tó bá a mu, owó rẹ̀ kò sì ní ṣòfò. Ẹ má sì pe .22 ní ìṣeré ọmọdé: ọta rẹ̀ lè rìn ju máìlì kan lọ, ó sì lè pa ènìyàn.

Àwọn ìyá kan yóò ní kí a má tilẹ̀ gbé ìbọn wọlé rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí mo ti rí ẹnu ìbọn lójúkojú. Èsì mi ni pé ẹni tí kò bá lè ra àpótí irin kò gbọdọ̀ ra ìbọn, ó parí. Òfin Texas pàápàá ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí àìbìkítà àgbàlagbà bá jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 rí ìbọn tó lọ́ta nínú mú. Ọmọdé tó bá fẹ́ kọ́ eré náà lè fi ìbọn afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú olùkọ́. Mítà mẹ́wàá péré ni wọ́n ti ń yìn ín, ìbọn afẹ́fẹ́ náà ni Ginny Thrasher sì fi gba wúrà àkọ́kọ́ nínú ìdíje Òlíńpíìkì ti 2016 ní Rio. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ má ka ọ̀rọ̀ mi bí ìwé àṣẹ. Òfin tiyín yàtọ̀ sí ti Texas.

Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àpótí irin ló kọ́kọ́ gbé wọlé, a kàn án mọ́ ògiri, lẹ́yìn náà ni ìbọn .22 àlòkù tẹ̀lé e. Ó dá owó ọkọ̀ ìyá mi padà nínú èyí tó kù. Ní àràárọ̀ Sátidé, a jọ ń lọ sí pápá, mò ń ka atẹ́gùn fún un lára koríko, òun náà sì ń kà á fún mi. Láàárín oṣù mẹ́rin a ti yin ju 2,000 ọta lọ. Ó ń bá àmì báyìí, kò sì sọ̀rọ̀ ìbọn ńlá mọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó béèrè iye tí ìbọn jẹ́, ẹ béèrè ibi tí yóò sùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìṣirò yìí kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Ó dára ju ti ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó wọ́n tàn yín pé ẹ ti mọṣẹ́. Bàbá Ṣakí kò ra ìbọn kejì títí ó fi dágbére fún igbó, síbẹ̀ ẹran kò wọ́n nínú ìkòkò ìyá àgbà.