Ẹ Kú Àìsùn: Ọ̀rọ̀ Àkùkọ Ẹ̀yìnkùlé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò mi kí mi pé, "Ẹ kú àìsùn o." Mo rẹ́rìn-ín, mo dáhùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbáwí ni. Àkùkọ mẹ́ta ni mo ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé nígbà náà, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní Rochefort, ní ilẹ̀ Faransé, dá àkùkọ kan tí ń jẹ́ Maurice láre pé kí ó máa kọ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kan ní Kánò pàṣẹ pé kí wọ́n pa àkùkọ tí kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Ọ̀kan dá oorun lẹ́bi, èkejì dá àkùkọ lẹ́bi. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọwọ́ ẹni tó ni adìẹ ni àtúnṣe wà.

Àkùkọ kò jẹ̀bi. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Nagoya, ní Japan, fi hàn pé bí aago kan ṣe wà nínú ara rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Nítorí náà, òkùnkùn nìkan kò lè pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ìmọ́lẹ̀ àti ohùn àkùkọ mìíràn máa ń sún un kọ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Ẹ gbé ilé adìẹ jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò. Ẹ dí ojú ibi tí iná ń gbà wọlé lóru, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀, nítorí ooru ń pa adìẹ. Ẹ má tú wọn sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ dín iye àkùkọ kù. Àgbébọ̀ ń yé ẹyin láìsí àkùkọ. Àfi ẹni tó fẹ́ kí adìẹ rẹ̀ sàba, kí ó sì pamọ, ni ó nílò rẹ̀, ọ̀kan sì tó fún agbo kékeré.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni, pé kí aago tó dé, kíkọ àkùkọ ni àwọn baba wa fi ń mọ òwúrọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣà wa náà ni pé kí a má ṣe fi ohun ìní wa ni ọmọlàkejì lára.

Mo pa méjì jẹ, mo ṣú ilé ẹnì kẹta lókùnkùn, mo sì bu ẹyin lọ tọrọ àforíjì. Ẹyọ kan ṣoṣo náà ṣì ń kọ, ṣùgbọ́n kò tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Aládùúgbò mi sì ti padà sí "Ẹ jí ire bí?"