Ẹ Ka Òrùka Irin Kí Wọ́n Tó Da Kọnkéré

Láti Pobẹ̀ títí dé Sakété, ilé sìmẹ́ńtì ń gba ipò ilé amọ̀. Kò yani lẹ́nu: ní Onígbólò, nínú kọ́múnù Pobẹ̀, ni wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì nìkan kọ́ ni ó ń gbé ilé dúró. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó ń kọ́ ilé, tí kò ka òrùka irin inú òpó rẹ̀, kò mọ ohun tí ó sanwó fún.

Kí ni òrùka irin? Nínú òpó kọnkéré, irin gígùn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó máa ń dúró lóòró. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ̀ yí wọn ká, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ni òrùka. Èdè Faransé ń pè é ní cadre. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí kí irin gígùn má baà yẹ̀ nìkan ni ó ṣe wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ da yanrìn sílẹ̀, kí ẹ dúró lé e: yóò fọ́n ká. Ẹ kó yanrìn kan náà sínú àpò kékeré, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tún dúró lé e: yóò gbé yín. Yanrìn kò yí padà; àpò tí ó dì í mú ni ó fún un lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni kọnkéré rí. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ó ń wá ọ̀nà láti wú sí ẹ̀gbẹ́. Òrùka ni kò ní jẹ́ kí ó wú.

Considère, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1902. Ní 1928, Richart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ̀n ọ́n: bí a bá fi agbára 1 fún kọnkéré mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́, agbára tí yóò fi ru ẹrù láti òkè ń lé ní bíi 4. Ní 1988, Mander, Priestley àti Park gbé ìṣirò kan jáde ní New Zealand, níbi tí ìmìtìtì ilẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ìṣirò náà ń fi hàn bí kọnkéré tí òrùka dì mú ṣe ń sún kì lábẹ́ ẹrù.

Òpó gíga mítà 3 tí òrùka kò dì mú yóò lo agbára rẹ̀ tán nígbà tí ó bá kúrú ní nǹkan bí mìlímítà 6. Lẹ́yìn náà, ó lè fọ́ lójijì. Èyí tí òrùka dì mú dáadáa lè kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan kí ó tó wó. Yóò sán, yóò kìlọ̀, àwọn ará ilé yóò sì ráyè sá jáde.

Àwọn kan ń sọ pé irin ti wọ́n, àti pé ilé amọ̀ àwọn baba wa kò ní irin. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ògiri wọn nípọn, òrùlé nìkan ni wọ́n sì gbé. Òpó tiwa tẹ́ẹ́rẹ́, a sì ń gbé ilé òkè lé e. Irin tí ó kéré jù ni irin òrùka. Ohun tí a ó jèrè nínú dídín in kù kò tó nǹkan.

Ìlànà ìkọ́lé Faransé tí a ń pè ní BAEL sọ pé àlàfo àárín òrùka méjì kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po 15 ìnípọn irin gígùn lọ. Bí irin náà bá jẹ́ mìlímítà 12, àlàfo kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ntímítà 18 lọ. Nínú òpó mítà 3, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí òrùka 18.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ ti ní ohun tí ẹ ó fi ṣe é. Ẹ kọ ìnípọn irin àti àlàfo òrùka sínú ìwé àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé kò sí dída kọnkéré títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Mọlémọlé tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Ọjọ́ tí irin ṣì wà ní ìhòòhò ni ọjọ́ kíkà. Bí kọnkéré bá ti bò ó, kò sí ojú tí yóò tún rí i.