Ọwọ́ ni Kí A Kó Lọ, Kì í Ṣe Ojú Nìkan

Mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn tí í ṣètò ìrìn àjò fún olólùfẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rò. Wọn a kó ara wọn jọ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, wọn a dáwó, wọn a sì forí lé ilẹ̀ Jámánì láti lọ wo ibi tí a ti bí ọkọ̀. N kò lòdì sí ìrìn àjò. Àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ohun tí mo lòdì sí ni pé ẹni tí ọ̀ràn ọkọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n kì í sí láàárín àwọn tí wọ́n ń kó lọ.

Ẹ wo bí ètò náà ti máa ń rí. Ọjọ́ kan fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes-Benz ní Stuttgart, ọjọ́ kejì fún ti Porsche ní ìlú kan náà, ọjọ́ kẹta fún BMW ní Munich. Lẹ́yìn èyí, ó di Nürburgring, níbi tí ọ̀nà ìsáré tí wọ́n ṣí ní 1927 ti lọ́ bí ejò láàárín igbó fún ohun tí ó lé ní 20 kìlómítà. Ara yóò yá gágá, àwòrán yóò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá padà délé tí ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn kọṣẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni wọn ń lọ? Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì abẹ́ igi tí kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí ni.

Ìbá dára kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí Mannheim. Ibẹ̀ ni Carl Benz ń gbé nígbà tí ó gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní 1886. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha aya rẹ̀ mú ọmọkùnrin wọn méjì. Kò dágbére fún ọkọ, ó gbé ọkọ̀, ó di Pforzheim, ìrìn nǹkan bí 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo lójú ọ̀nà. Ilé apòògùn kan ní Wiesloch ni ó ti ra ohun tí ó rọ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, píìnì fìlà rẹ̀ ni ó fi gún un. Alágbẹ̀dẹ bá a tún ṣéènì ṣe. Oníbàtà bá a fi awọ bo bíréèkì. Láti 2008 ni ipa ọ̀nà náà ti di ọ̀nà ìrántí tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni lè tọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni ìtàn yìí jọ ní ilẹ̀ wa? Ó jọ mẹkáníìkì tí ń fi wáyà so ohun tí ó já, tí ń gé awọ dí ibi tí epo ti ń jò. Àwa tí a ń jẹ́ ọmọ Ògún kì í ka irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sí ọgbọ́n. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó, tí a ń to Peugeot ní Kàdúná. A ń tò, a kò dá. N kò rò pé orí wa ni kò pé. Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ irin ni a kò jẹ́ kí ojú wọn là.

Ní Jámánì, ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì a máa pín àkókò rẹ̀ sí méjì: ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ètò yìí kò jìnnà sí ti ọmọṣẹ́ tí a ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún níhìn-ín. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ṣẹ́kù fún tiwa. Ta ni yóò rí i bí kò ṣe ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ rí?

Àwọn kan yóò ní owó ara wọn ni wọ́n ń ná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe fàájì ní ìfẹ́ ọkọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní bí mẹkáníìkì bá débẹ̀, yóò sá lọ. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí ni. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn dókítà àti olùkọ́ yunifásítì pọ̀ nínú àwọn tí ó lọ tí kò padà? Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ní ọmọṣẹ́, ní ohun tí yóò fà á wálé.

Ìṣòro gidi wà nínú ìwé físà. Ẹgbẹ́ kì í gbà á ní àpapọ̀. Olúkúlùkù ni yóò tẹ̀ka, tí yóò fi ìwé báńkì hàn, tí yóò sì ní ìwé ìdójútòfò tí kò dín ní 30,000 yúrò. Owó mẹkáníìkì kì í sábà gba báńkì kọjá. Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùṣètò wà: kí ẹgbẹ́ kọ ìwé pé àwọn ni yóò gbé ìnáwó rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí òfin ti gbà.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀: nínú ẹni mẹ́wàá, kí méjì jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, mẹkáníìkì kan àti ẹni kan tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Kí àwọn mẹ́jọ yòókù pín ìnáwó wọn gbé. Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Bí a bá ń kó kìkì olówó lọ wo ọkọ̀, owó ni yóò máa lọ, ọkọ̀ nìkan ni yóò sì máa bọ̀.