Ẹ̀jẹ̀, Ètùtù àti Ìdáríjì Ẹ̀ṣẹ̀: Ìdáhùn fún Àwọn Ajíhìnrere Àsìkò Iléyá

 

Ní ọdọọdún, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ẹ̀yìnkùlé, ni àwọn ajíhìnrere kan máa ń jáde tọ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ibùdókọ̀ àti nínú ọjà. Ìwé pélébé a wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rín a wà lẹ́nu wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì fi máa ń bẹ̀rẹ̀: kí ni ẹ ń pa àgbò sí? Bí ọ̀dọ́ náà bá ti dáhùn pé nítorí Ànábì Ibrahim ni, wọn a ní ó ti kù díẹ̀ kí ó rí ìgbàlà. Wọn a ní Al-Kùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrà 37, sọ pé ẹran tí ó tóbi ni Ọlọ́run fi ra ọmọ Ibrahim padà. Wọn a ní àgbò kì í ṣe ohun títóbi, Jésù ni ẹran náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé. Ọ̀dọ́ tí kò ní ìmọ̀ ẹ̀sìn kò ní mọ ohun tí yóò sọ.

Ó tọ́ kí Mùsùlùmí kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí ní àgbọ́yé, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé gbogbo ọmọ Adamọ jogún ẹ̀ṣẹ̀, pé ikú ni ẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè, àti pé onídàájọ́ òdodo ni Ọlọ́run, kò lè ṣàdéédéé dárí jì láìjẹ́ pé ẹnìkan san gbèsè náà. Ní ayé Ànábì Musa, màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni wọ́n fi ń san án. Nígbà tí ó yá, Ọlọ́run fi ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Rẹ̀ san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kà ni ìwé Hébérù orí 9 ẹsẹ 22, níbi tí òǹkọ̀wé ti so ìdáríjì mọ́ ìtàjẹ̀sílẹ̀. Wọ́n sì máa ń fo ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà, ọ̀rọ̀ náà ni "fẹ́rẹ̀ẹ́". Òǹkọ̀wé náà mọ Taorátì. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé tiwọn. Nínú Léfítíkù orí 5, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ yóò mú àgùntàn tàbí ewúrẹ́ wá. Bí kò bá ní owó rẹ̀, àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì ni yóò mú wá. Bí òṣì bá ta á débi pé kò lè ra ẹyẹ, òfin náà ní kí ó mú ìyẹ̀fun díẹ̀ wá, láìfi òróró sí i, láìfi tùràrí sí i, àlùfáà yóò sì fi í ṣe ètùtù, a ó sì dárí jì í. Ìyẹ̀fun! Níbo ni ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun? Bí ó bá jẹ́ pé ìdájọ́ Ọlọ́run kò lè tẹ́ lọ́rùn láìjẹ́ pé ẹ̀mí kan bọ́, òtòṣì yẹn ìbá ti ṣègbé. Kò sì tán síbẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù orí 30, owó fàdákà, ìdajì ṣékélì, ni olúkúlùkù ń san ṣe ètùtù fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Nínú Númérì orí 16, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀, tùràrí ni Ànábì Haruna sáré gbé wọ àárín àwọn ènìyàn láti fi ṣe ètùtù, àrùn náà sì dáwọ́ dúró.

Ohun mìíràn tí àwọn ajíhìnrere kì í sọ ni irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹran wà fún. Orí 4 Léfítíkù, tí ó jẹ́ orí ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ gan-an, ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀ọ́mọ̀ ni ó ń tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọwọ́ sókè ṣẹ Ọlọ́run, Númérì orí 15 kò dárúkọ ẹran kankan fún un. Gígé kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó kàn án. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé ṣe láti sọ pé ewúrẹ́ ń gba ikú apànìyàn kú ní ilé Ísírẹ́lì.

Wọn a tún sá lọ bá Ọjọ́ Ètùtù, Léfítíkù orí 16, wọn a ní níbẹ̀ ni àwòrán Jésù ti hàn kedere. Ó dára. Òbúkọ méjì ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n pa ọ̀kan, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ ibi mímọ́ di mímọ́. Ẹnikejì ni àlùfáà gbé ọwọ́ méjèèjì lé lórí, tí ó ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn lé e, tí wọ́n sì lé e lọ sínú aginjù láàyè. Èyí tí wọ́n pa, wọn kò ka ẹ̀ṣẹ̀ lé e lórí. Èyí tí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ lé lórí, wọn kò pa á. Èwo nínú méjèèjì ni Jésù tí wọ́n ń sọ?

Lẹ́yìn Ànábì Musa, àwọn tí ìwé wọn pè ní wòlíì kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Hóséà kéde pé àánú ni Ọlọ́run fẹ́, kì í ṣe ẹbọ; Mátíù sì sọ lẹ́ẹ̀mejì, nínú orí 9 àti orí 12, pé Ànábì Isa fi ọ̀rọ̀ Hóséà yìí dá àwọn alátakò rẹ̀ lóhùn. Míkà bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kí ènìyàn fi àkọ́bí ọmọ rẹ̀ san ẹ̀ṣẹ̀, ìdáhùn tí ó sì rí ni òdodo, àánú àti ìrẹ̀lẹ̀. Esekíẹ́lì fi odidi orí 18 ṣàlàyé pé ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ baba, baba kò sì ní ru ti ọmọ, àti pé bí ènìyàn búburú bá yí padà, yíyè ni yóò yè. Nígbà tí Ísírẹ́lì bọ ère ọmọ màlúù, Ànábì Musa fi ara rẹ̀ sílẹ̀ pé kí Ọlọ́run pa orúkọ òun rẹ́ bí kò bá ní dárí jì wọ́n. Ọlọ́run kò gbà fún un: ẹni tí ó ṣẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ yóò parẹ́. Àwọn baba wa náà mọ èyí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọba tí ó gé ìka ọmọ ara rẹ̀ nítorí olè tí aládùúgbò jà, kò sí ẹni tí yóò pè é ní adájọ́ òdodo.

Àwọn ará Nínéfè ńkọ́, ìjọ Ànábì Yunus? Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n fi aṣọ ọ̀fọ̀ bora, wọ́n sì fi ìwà burúkú sílẹ̀. Àwọn ẹran wọn pàápàá wà nínú ààwẹ̀ náà. Kò sí èyí tí wọ́n dúńbú. Ọlọ́run sì dárí jì wọ́n.

Bí a bá wá bọ́ sí ẹnu Ànábì Isa fúnra rẹ̀, ìtàn ọmọ onínàákúnàá tí ó wà nínú Lúùkù orí 15 yẹ ní títún kà. Ọmọ náà ba ogún baba rẹ̀ jẹ́, ó ronú pìwà dà, ó sì padà wálé. Baba rẹ̀ rí i lókèèrè, ó sáré lọ dì mọ́ ọn. Màlúù àbọ́pa kan wà nínú ìtàn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà wo ni wọ́n pa á? Lẹ́yìn ìgbà tí baba ti gba ọmọ rẹ̀ tán ni. Ẹran ayẹyẹ ni, kì í ṣe ẹran ètùtù. Baba náà kò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n tí kò ṣẹ̀ pé kí ó wá kú dípò àbúrò rẹ̀.

Wọn yóò ní Mátíù orí 26 àti Máàkù orí 10 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ fún ìdáríjì àti nípa ìràpadà. Ó wà níbẹ̀, Mùsùlùmí kò sẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ni Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 21. Ó ti lé ní 20 ọdún lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Jákọ́bù àti àwọn àgbà Jerúsálẹ́mù sọ fún Pọ́ọ̀lù pé kí ó san owó fún ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ kí wọ́n lè parí rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì bá wọn lọ sí Tẹ́ḿpìlì. Òfin ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú Númérì orí 6, abo ọ̀dọ́ àgùntàn fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń mú wá. Bí ikú Jésù bá ti fi òpin sí ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀, ta ni kò sọ fún Jákọ́bù? Ọdún 70 tí àwọn ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì ni ẹbọ náà tó dáwọ́ dúró.

Ta ni wọ́n tilẹ̀ san owó ìràpadà náà fún? Ní ọ̀rúndún kẹta, Origen àti àwọn mìíràn ní Èṣù ni wọ́n san án fún. Ní nǹkan bí ọdún 1098, Anselm, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, kọ̀ ọ́. Ó ní iyì Ọlọ́run tí ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ ni a san gbèsè rẹ̀. Abelard tẹ̀ lé e ní ọ̀rúndún kejìlá, ó ní ìfẹ́ ni ikú náà wá fi hàn. Ó di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kí Calvin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ èyí tí ìwé pélébé ń polongo múlẹ̀, pé ìyà tí ó tọ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n fi jẹ aláìlẹ́ṣẹ̀. Ìgbìmọ̀ Nicaea jókòó ní ọdún 325 lórí irú ẹni tí Isa jẹ́. Kò sí ìgbìmọ̀ gbogboogbò kankan tí ó jókòó fẹnu kò lórí bí ikú rẹ̀ ṣe ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Nàsárà kan náà, Faustus Socinus, ará Ítálì, ni ó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1594 pé gbèsè tí wọ́n ti san kì í ṣe gbèsè tí wọ́n dárí rẹ̀ jì. Bí olówó bá gba owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ oníǹdúró, kí ni ó fi jin ajigbèsè?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdàrúdàpọ̀ mìíràn tún wọ ọ̀rọ̀ náà láti ara èdè. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ètùtù ni wọ́n mú fún ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó bá kafárà ti èdè Lárúbáwá tan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ bíbò tàbí nínù kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí Yorùbá fi ń tu òrìṣà tí inú ń bí lójú ni ètùtù. Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tù lójú.

Ó wá ku ẹran títóbi inú Súrà 37. Ẹ ka ìtàn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí. Baba kò ṣẹ̀, ọmọ kò ṣẹ̀, ìdánwò ni. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 22 pàápàá, ẹbọ sísun ni wọ́n pè é, kì í ṣe ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀. Báwo ni ìtàn tí kò ní ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú yóò ṣe di ẹ̀rí ètùtù ẹ̀ṣẹ̀? Súrà 22 sì ti sọ ọ́ kedere nípa ẹran Mùsùlùmí, pé ẹran rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, ìbẹ̀rù Ọlọ́run tí ó wà lọ́kàn ni ó ń dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ń jẹ ẹran Iléyá, tí a fi ń pín fún aládùúgbò àti aláìní.

Ajíhìnrere tí ó gbọ́n yóò ní kafárà àti fídíyà wà nínú Ìsìláàmù. Bẹ́ẹ̀ ni. Kafárà ẹni tí ó da ìbúra ni bíbọ́ òtòṣì mẹ́wàá tàbí fífi aṣọ wọ̀ wọ́n tàbí títú ẹrú sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní agbára rẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹran níbẹ̀. Nígbà tí iná orí yọ Sàábé tí ń jẹ́ Kaabu ọmọ Ujura lẹ́nu nínú ìhárámù, Òjíṣẹ́ Ọlọ́run (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ní kí ó fá orí rẹ̀, kí ó sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tàbí kí ó bọ́ òtòṣì mẹ́fà, tàbí kí ó pa àgùntàn kan. Èyí tí ó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn kan nínú Mùsùlùmí náà. Ẹni tí ó ń yá owó èlé ra àgbò, tí ó rò pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wẹ ọdún tí òun fi àìkírun lò. Ẹni tí ó ń ti ìka bọ ẹ̀jẹ̀ kí ó fi kan iwájú orí ọmọ tàbí àtẹ́rígbà ilé kí ibi má baà wọlé. Ẹni tí Áfáà sọ fún pé kí ó pa ẹran dúdú kí ẹ̀ṣẹ̀ kan má baà lé e bá, tí ó sì kọ̀ láti dá ohun olóhun padà: ohun tí ajíhìnrere ń wàásù rẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe, ẹran tí wọ́n mú ni ó yàtọ̀.