Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìmúrasílẹ̀ Àwọn Ọmọ Wa fún Kẹ́mísírì ní Yunifásítì

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Olódò sí di àjọ̀dún yìí. Bí a ti ń yọ̀, ó tọ́ kí a rántí àwọn tó ṣì jókòó nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní SS1 pẹ̀lú èrò àtidi dókítà, apòògùn, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ló gba ọ̀dọ̀ kẹ́mísírì kọjá. Ibi tí ẹsẹ̀ púpọ̀ ti ń yọ̀ ní yunifásítì ni ẹ̀ka tí a ń pè ní organic chemistry, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwọn ohun tí kábọ́ọ̀nù jẹ́ òpó wọn, bí epo, ọtí, ọṣẹ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn. Èrò wa ni pé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a ti ń pinnu ẹni tí yóò yege nínú rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àkọ́sórí ló ń fa ìṣubú. Ẹ wo átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 2, háídírójìn 6 àti ọ́síjìn 1. Bí a bá tò wọ́n lọ́nà kan, wọ́n di ethanol, ọtí inú ẹmu àti ògógóró, tó ń hó ní ìwọ̀n 78 Celsius. Bí a bá tò wọ́n lọ́nà kejì, wọ́n di dimethyl ether, tó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán nínú yàrá wa. Ó dà bí igba, igbá àti ìgbà: lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kábọ́ọ̀nù 4 pẹ̀lú háídírójìn 10 ní ìtò 2. Kábọ́ọ̀nù 5 pẹ̀lú háídírójìn 12 ní ìtò 3. Nígbà tí kábọ́ọ̀nù bá di 10 tí háídírójìn sì di 22, ìtò ti di 75. Ta ni yóò kọ́ gbogbo èyí sórí? Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù fi ń di ẹlòmíràn mú, tó sì ti ń yà á léraléra láti SS1, yóò tò wọ́n fúnra rẹ̀. Ìṣu amọ̀ kéékèèké àti igi ìgbálẹ̀ tó láti fi kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó ń fi eérú èèpo kòkó àti àdín ṣe ọṣẹ dúdú ń ṣe kẹ́mísírì. Ìyá tó ń rin ẹ̀gẹ́, tó ń fún omi rẹ̀, tó sì ń yan gàrí, ń lé májèlé cyanide kúrò nínú oúnjẹ. Igi dóńgóyárò tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn: ní 1967, Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Ekong ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí ìtò nimbolide, èròjà kan tó wà nínú igi náà. Òun ló padà di gíwá àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Pọ́ta-Kọ́tù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi oyè yan iṣẹ́ fún ọmọ. Kí ó tó wọ SS1, ẹ yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò, kí ẹ sì bi àwọn olùkọ́ rẹ̀ léèrè ohun tó ń fi tinútinú ṣe. Ẹ bá a ka ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn yóò ṣe kẹ́mísírì, físíìsì àti báyọ́lọ́jì mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọkàn ọmọ bá wà lára irè oko, ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ oúnjẹ kò rẹlẹ̀ rárá. IITA tó wà nílùú Ìbàdàn níbí láti 1967 jẹ́ ẹ̀rí. Olúwa wa ti fi ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpèjúwe fún wa, pé ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú ìpìlẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ owó wà. Àwọn kan yóò fẹ́ kí a fi owó àjọ̀dún kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá tí àlejò yóò rí láti títì. Ẹnu ọ̀nà dára, ó sì ń buyì kún ilé. Ṣùgbọ́n àwọn olùdánwò WAEC kì í wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń wo ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe. Ọmọ tí kò di ìgò ìwádìí mú rí títí ọjọ́ ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ yóò gbọ̀n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí yàrá ìwádìí kẹ́mísírì ṣáájú: omi tó ń yọ, gáàsì, ìgò, oògùn ìwádìí, àti gíláàsì ìdáàbòbò ojú, kí olùkọ́ lè fi òróró àti kọ́sítíkì sódà ṣe ọṣẹ níwájú wọn láìséwu. Ẹ̀yin tó sì wà ní yunifásítì lọ́wọ́lọ́wọ́, a kò bèèrè owó lọ́wọ́ yín. Ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ kan péré nínú ìsinmi yín pẹ̀lú àwọn àbúrò yín ní SS2, kí ẹ kọ́ wọn bí a ti ń ya ìtò, kí wọ́n tó dé ibi tí ẹ ti dé.