Gbọ́ Tẹnu Èkejì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará ìlú 12 ni ń jókòó dá ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá. Ní 1951, Solomon Asch ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sẹ́ ohun tí ojú wọn rí kedere, nítorí pé àwọn yòókù sọ òmíràn. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

Ní Igbemo-Èkìtì, adájọ́ nìkan ló wà ní kóòtù, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé àti ìpàdé ìjọ, gbogbo wa ni adájọ́. Bí wọ́n bá na ìka sí ìyá arúgbó pé àjẹ́ ni, ṣé ìwọ yóò dìde bí Nikodemu (Johanu 7:51), kí a lè kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà. Àmín.