Kì í Ṣe Wọ́ọ̀tì Ara Páálí La Fẹ́ Gbọ́

Ọ̀rọ̀ ampílífáyà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ rà sínú ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi ń yíde kiri lọ́sẹ̀ èdè ti di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ká ra ọ̀kan ṣoṣo tó tóbi, irú èyí tí wọ́n kọ 4,000 wọ́ọ̀tì sí lára, kí gbogbo ọgbà lè mọ̀ pé a ti dé. Àwọn kan ní ká fi owó náà ra méjì tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn tó ní ká ra méjì lèmi wà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí akápò tó mú ọ̀nà ọjà pọ̀n. Owó tí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kàwé jáde dá jọ wà nínú rẹ̀. Bí a bá ná an ní ìnákúnàá, ojú wo la ó fi tún béèrè lọ́dún tó ń bọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni ọkọ̀ yẹn ń gbé kiri? Ọ̀rọ̀ ni. Ewì ni, oríkì ni, ìkéde ni, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Orin ijó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ka tí kò lè gbé orin ijó jáde. Bí àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè bá gbé máìkì dání, tí ará ọ̀nà ò sì mọ ohun tí a sọ, kí la wá ṣe?

Ẹ má jẹ́ ká gba iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí gbọ́. Agbára tí ẹ̀rọ lè fò dé fún ìgbà kúkúrú péré ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ lè débẹ̀ rárá. Èyí tó yẹ ká wò ni RMS, ìyẹn agbára tó lè máa mú jáde lọ láìdáwọ́ dúró. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní CTA-2006. Ó ní kí wọ́n wọn agbára ampílífáyà ọkọ̀ pẹ̀lú iná 14.4 volt, lórí sípíkà 4 ohm, kí ìdàrú ohùn má sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀rọ méjì tó bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, a lè fi wọ́n wéra láìbẹ̀rù.

Bí àkọlé yẹn ò bá sí lára rẹ̀, ẹ yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn kẹ́ ẹ ka fíùsì. Ká ní fíùsì 30 ampere méjì ló wà níbẹ̀. Ọgọ́ta ampere nìyẹn. Ẹ fi 14.4 volt sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 864 wọ́ọ̀tì. Gbogbo iná tó lè wọlé fún ìgbà pípẹ́ kí fíùsì tó já nìyẹn. Ampílífáyà class AB máa ń sọ nǹkan bí ìdajì iná tó bá gbà di ooru. Class D máa ń lo bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Èyí tó dára jù nínú méjèèjì ò ní ju bí 690 wọ́ọ̀tì lọ. Níbo wá ni 4,000 ti wá? Àgbá òfìfo ní í pariwo.

Ṣé agbára tó pọ̀ burú ni? Rárá. Bí ẹ̀rọ bá ní 1,000 wọ́ọ̀tì RMS lóòótọ́, kò sí ẹni tó máa bá a jà. Ṣùgbọ́n láti 500 sí 1,000 wọ́ọ̀tì, désíbẹ̀lì mẹ́ta péré la fi kún ohùn. Etí máa mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò ní gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Sípíkà ńkọ́? Bí a bá kúrò lórí èyí tí wọ́n kọ 90 dB sí, tí a lọ sórí èyí tó jẹ́ 97 dB, désíbẹ̀lì méje la rí yẹn. Bí ẹni pé a sọ agbára ampílífáyà di ìlọ́po márùn-ún ni, láìfa iná kún un. Ẹ ò rí i pé ampílífáyà nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí ohùn lọ jìnnà?

Mo wá dé ibi tó kan iṣẹ́ tiwa gan-an. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ńlá máa ń sọ pé Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, pé ohùn wà nísàlẹ̀, nítorí náà béèsì ló yẹ ká fún lágbára. Mi ò ní tún fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ dà yín láàmú. Ọdún kìíní la ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fóònù. Fóònù àtijọ́ ò gba ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 300 Hz tàbí lókè 3,400 Hz kọjá. Ohùn ọkùnrin sì sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 Hz, ti obìnrin ní nǹkan bí 200. A ṣì ń bá àwọn òbí wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sì ń yé wa. Ọpọlọ ń fi àwọn ìró tó wà lókè mọ ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ wà. Ohùn ò nílò wúfà.

Fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ohun tó ya [o] sọ́tọ̀ kúrò lára [ọ] wà ní nǹkan bí 300 sí 600 Hz, béèsì tó bá pọ̀ jù sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó sọ pé "A ti kọ́ ilé náà" lórí ọkọ̀, tí ará ọ̀nà bá gbọ́ "A ti kó ilé náà," ẹ̀sùn olè ló ń wá. Ìyàtọ̀ [s] àti [ṣ] ń bẹ lókè, láti nǹkan bí 2,500 Hz lọ. Bí sípíkà tó ń mú ìyẹn jáde bá ti jó, "ó sẹ́ ẹ" àti "ó ṣẹ́ ẹ" di ọ̀kan náà. Kí ló sì máa ń jó o? Nígbà tí ọ̀rọ̀ àti béèsì bá jọ ń gba inú ampílífáyà kan ṣoṣo, tí wọ́n wá yí ohùn sókè kọjá agbára rẹ̀, orí ìgbì ohùn máa gé pẹrẹsẹ. Ìró gbígbóná tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀ á wá dà lu sípíkà kékeré. Ẹyin lọ̀rọ̀; inú ẹ̀rọ gan-an ló ti fọ́ kó tó balẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká ra méjì. Ká ra ampílífáyà oníchannel mẹ́rin, 75 wọ́ọ̀tì RMS fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún àwọn sípíkà ọ̀rọ̀. Ká yí bọ́tìnì tí wọ́n kọ HPF sí lára rẹ̀ sí nǹkan bí 100 Hz, kó má jẹ́ kí béèsì débẹ̀. Ká wá ra class D olóhùn kan, bí 300 wọ́ọ̀tì RMS, fún wúfà kan. Àwọn tó fẹ́ jó á jó, kò sì sí ẹni tí ijó wọn máa di létí. Bí béèsì bá tilẹ̀ kọjá agbára tirẹ̀, oríkì ò ní bá a lọ.

Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ má fi ra iná olóríṣiríṣi. Ẹ fi ra wáyà. Láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀ jìn ju ti ọkọ̀ kékeré lọ, nítorí náà wáyà gbọ́dọ̀ nípọn. Ẹ fi abẹ́ họ ọ́ wò: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lásán ni, kì í sì í gbé iná tó bàbà. Fíùsì ńlá gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, torí bí wáyà bá bó tó sì kan irin ọkọ̀, fíùsì yẹn nìkan ló lè dá iná dúró. Àwọn ọmọ wa ló máa wà lórí ọkọ̀ yẹn.

Ẹ sì bá wa béèrè lọ́wọ́ rẹwáyà bóyá 24 volt ni ọkọ̀ náà ń lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísù ló ní bátìrì 12 volt méjì tí wọ́n so pọ̀. Ampílífáyà ọkọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti 12 volt. Bí wọ́n bá fa iná lára bátìrì kan ṣoṣo, ọ̀kan á máa gbẹ, èkejì á máa kún ju bó ti yẹ, méjèèjì á sì bàjẹ́. Converter tó ń sọ 24 di 12 ló yẹ ká rà. Bí ampílífáyà bá ṣe tóbi tó ni converter náà ṣe máa wọ́n tó. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ ká ra èyí tó ju ohun tí a nílò lọ.

Àbá mi tó kẹ́yìn ò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Kí a tó san owó tán, kí ẹni kan ka àádọ́ta ọ̀rọ̀ sínú máìkì, kí *kó* àti *kọ́* wà nínú rẹ̀, kí *sẹ́* àti *ṣẹ́* wà níbẹ̀, kí béèsì sì máa dún lọ. Kí àwa márùn-ún dúró níwọ̀n ọgbọ̀n mítà, ká máa kọ ohun tí a bá gbọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí a bá gba máàkì tó pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni ká gbé wálé, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.